Ẹ Kú Iṣẹ́ Inú Òkùnkùn

Ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn dé kì í ṣàìní irọ́ díẹ̀ nínú ẹrù. Tèmi ò lè pọ̀, nítorí ẹni tí a jọ rin ìrìn-àjò náà ń bẹ láyé, Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbé, etí rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ó ti pàṣẹ pé kí n ka gbogbo ohun tí mo bá kọ sí òun létí kí n tó fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ tí ẹ ti ń retí kí n wá sọ pé mo gun erin ní Íńdíà, ẹ má bínú sí mi. Mi ò gun erin. Màlúù ni mo rí, tó dùbúlẹ̀ sí àárín títì bí alága káńsù, tí gbogbo ọkọ̀ ń yà fún un. Èmi náà yà fún un.

Sábó

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni ẹni tí mò ń wí. Ẹ̀yìn Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méje, ìyá mi fà mí lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé ilé-ìwé ibẹ̀ dára. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni pé apá ò ká mi mọ́.

Àlùbọ́sà ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí ń tà ní Sábó, láàárín àwọn Hausa, ó sì pẹ́ níbẹ̀ débi pé tó bá ń bá wọn nájà, ẹ ó rò pé Kánò ni wọ́n bí i sí. Ìyá Alálùbọ́sà ni gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí. Èmi ń pè é ní Màmá. Òun ń fi oríkì mi pè mí, Àjàní, inú ì báà dùn sí mi, inú ì báà bí i. Ohùn rẹ̀ ni mo fi ń mọ ìyàtọ̀.

Ìkíni ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó kọ́ mi. Èmi ọmọ Ọ̀yọ́ rò pé kò sí ohun tí ará Ògbómọ̀ṣọ́ lè kọ́ mi nínú ìyẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a ti Sábó rìn dé oríta Takie, ni Màmá bá dúró gbọn-in láàárín èrò.

"Àjàní, bàbá tó ń tú àpò àlùbọ́sà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, kí lo sọ fún un nígbà tí a kọjá?"

"Mi ò sọ nǹkankan, mà."

"Ṣé ó ń sùn ni?"

"Rárá, mà. Ó ń ṣiṣẹ́."

"Padà lọ kí i."

Mo padà. Oòrùn ń mú, bàtà mi kan ti já. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú èèpo àlùbọ́sà, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Bàbá náà wò mí bí ẹni pé láti ọ̀run ni mo ti jábọ́, ó fi Hausa dáhùn, "Yauwa." Mo sáré padà sí Takie. Màmá ò kúrò lójú kan.

"Ó dáhùn?"

"Ó dáhùn, mà."

"Ó dáa. Tí kò bá dáhùn, o ò tíì kí i. Ńṣe lo máa tún un kí."

Ọdún ń gorí ọdún. Mo padà sí Ọ̀yọ́, mo di olùkọ́ físíìsì, irun orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í dágbére. Ojú Màmá náà ń ṣú. Nǹkan funfun kan bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, ó ki bí ògì. Ojú ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Wọ́n yọ funfun náà kúrò pátápátá, ẹyinjú ń dán gbinrin, síbẹ̀ Màmá ò rí nǹkankan. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún nínú ojú, tó yẹ kó máa gba ìmọ́lẹ̀, ti kú tipẹ́. Funfun yẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè yọjú wò ó kí wọ́n tó gé e.

"Wọ́n nu fèrèsé ilé tí onílé ti kó kúrò nínú rẹ̀," bí Màmá ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Nígbà tó kan ojú òsì, ó búra. Kò sí ọ̀bẹ tó máa kàn án, àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn, tí wọ́n sì gbọ́ ohùn ẹni tó wà nínú ilé.

Dókítà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní sùúrù, ló sọ fún wa pé ohun tí Màmá fi ṣàwàdà yẹn wà lóòótọ́. Ó ní tí ìmọ́lẹ̀ bá kan awọ ẹ̀yìn ojú tó ṣì yè, awọ náà á tú iná mànàmáná díẹ̀ jáde, ẹ̀rọ sì wà tó lè kọ ọ́ sílẹ̀ láìfọwọ́ kan funfun tó bò ó. Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní iná mànàmáná láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, mi ò mọ̀ pé ó ń bẹ nínú ojú mi.

"Ṣé bí iná ìjọba?" Màmá bi í.

"Ó kéré jọjọ, Màmá. Kò tó ti bátìrì aago ọwọ́."

"Ó sàn bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá pọ̀ ni wọ́n máa ń mú lọ."

Ibi tí dókítà yìí ti kọ́ṣẹ́ ni Háídárábáàdì, ní Íńdíà. Ó ní ibẹ̀ ni ọkàn òun balẹ̀ sí. Ọmọ Màmá tó wà ní Kánádà ní kí a máa lọ. Wọ́n bi Màmá pé ta ló fẹ́ kó mú òun lọ nínú gbogbo ẹbí.

"Àjàní ni," ó ní. "Tí a bá rán an níṣẹ́, ó máa ń padà wá."

Ìlú tó ń fọn fèrè

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú dá yín lágara. Ẹni tó bá ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì tó kún láti Ọ̀yọ́ dé Ìlọrin ti mọ gbogbo rẹ̀; ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n ń gbé oúnjẹ fún yín, ẹ ò sì lè sọ pé kí awakọ̀ dúró kí ẹ tọ̀.

Òórùn ló kọ́kọ́ kí wa ní Háídárábáàdì. Màmá gbé imú sókè, ó ń kà á fún mi: òdòdó, èéfín, ata tí wọ́n ń yan, àti nǹkan kan tó ní ó jọ àpò àlùbọ́sà tí òjò pa. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí èyí tó kẹ́yìn. Fèrè ọkọ̀ ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. "Àjàní, ṣé wọ́n ń jà ni?" Mo ní wọn ò jà, wọ́n kàn ń sọ fún ara wọn pé àwọn ń bọ̀ ni. "Ìkíni wọn nìyẹn, àbí? Ó dáa. Ó kàn pariwo."

Tí àwọn ará ibẹ̀ bá fẹ́ dáhùn ìbéèrè, wọ́n á mi orí sí ọ̀tún, sí òsì, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń gbọn omi kúrò nínú etí. Mo bi ọkùnrin tó ń tọ́jú ilé àlejò wa bóyá omi gbígbóná wà. Ó mi orí. Mo ní kò burú, mo bá tèmi lọ, àfi bó ṣe gbé garawa omi tó ń rú eéfín tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń rò pé gbogbo ìlú ń kọ̀ fún mi. Màmá tí kò rí orí wọn ò ní ìṣòro kankan. "Ohùn rẹ̀ ti gbà," á ní, "kí lo tún ń wo orí rẹ̀ sí?"

Wọ́n wò wá o. Wọn kì í jí wa wò bíi tiwa níbí, tí a máa ń díbọ́n pé a ń wo ẹ̀yìn ẹni náà. Ńṣe ni wọ́n ń dúró, wọ́n á wò wá yó. Gọ̀ǹbọ́ tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ Màmá ló ń dà wọ́n láàmú jù. Ọmọbìnrin kékeré kan lórí àtẹ̀gùn ilé àlejò bi mí lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kí ló ya ìyá àgbà lójú. Mo ní ìwé ìrìnnà ni, pé àwọn baba wa kọ ọ́ sí ibi tí kò lè sọnù. Ó gbà mí gbọ́. Ó wá lọ pe ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ náà fi ìka tọ ilà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, Màmá sì gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kalẹ̀ fún un bí ẹni tó ń jẹ́ kí oníbàárà fọwọ́ kan ọjà.

Gbogbo wọn pátá ni Màmá ń sọ Hausa sí. Lójú tirẹ̀, ayé pín sí mẹ́ta: àwa, àwọn òyìnbó, àti àwọn tó gbọ́ Hausa. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé wọ́n ń dá a lóhùn lédè tiwọn, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń lọ jìnnà.

Ihò inú àkàrà

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé oúnjẹ wá. Èkuru funfun roboto ni àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé wọ́n ní orúkọ tiwọn fún un, ṣùgbọ́n èkuru ni. Ọbẹ̀ tó tẹ̀ lé e kan díẹ̀, ó sì ta. Lẹ́yìn náà ni Màmá mú ohun kejì, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó gbóòórùn rẹ̀, inú rẹ̀ dùn.

"Àkàrà!"

Ó yí i sọ́tùn-ún sósì, ìka rẹ̀ kan sì yọ sí òdìkejì.

"Àjàní, ta ló ti jẹ àárín rẹ̀?"

Mo ní kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́, báyìí ni wọ́n ń ṣe é, gbogbo rẹ̀ ló ní ihò. Kò gbà. Ó yẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nínú àwo wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá jẹ ẹ́ tán, ó ní ó dùn ju ti ìyàwó mi lọ, pé kí n má sọ fún un. Mo ti wá sọ báyìí, ẹ̀yin náà ẹ má sọ.

Nígbà mìíràn ní Ọ̀yọ́, tí mo bá ń jẹ àkàrà tí àárín rẹ̀ wà ní pípé, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé nǹkan kan dín níbẹ̀.

Yàrá tí kò ní fèrèsé

Ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ náà nílé ìwòsàn ń jẹ́ Sunítà. Kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ohùn rẹ̀ rọ̀, ó sì ń pe Màmá ní "Ámmà", ìyẹn ìyá lédè wọn. Ó kán oògùn sí Màmá lójú, ó ní àwa méjèèjì á jókòó sínú òkùnkùn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ojú tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yó ìmọ́lẹ̀ kì í ka ìmọ́lẹ̀ kékeré sí. Ebi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa á. Ó pa iná, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ mọ òkùnkùn torí pé wọ́n ń mú iná lọ ládùúgbò yín, ẹ ò tíì rí i. Òkùnkùn tiwa máa ń ní ìràwọ̀ nínú, tàbí iná fóònù ẹnìkan. Ti ibẹ̀ yẹn ò ní nǹkankan. Mo na ọwọ́ sí ike omi, mo sì fi gbá nǹkan kan ṣubú.

"Jókòó jẹ́ẹ́," Màmá ní. Ọwọ́ rẹ̀ bà lé mi léjìká, ó tọ apá mi wá sílẹ̀, ó fi ike omi náà lé mi lọ́wọ́. "Nǹkan mìíràn?"

Láti ìlú wa dé Íńdíà, èmi ni mo ń mú un lọ́wọ́ kiri. Nínú yàrá yẹn, èmi ni àlejò, òun ni onílé.

Nígbà tí àkókò pé, Sunítà tan iná pupa kan tó rẹlẹ̀ bí ẹ̀yinná tó fẹ́ kú. Ó lẹ wáyà mọ́ Màmá níwájú orí àti lẹ́bàá ojú, ó fi òwú fàdákà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun lọ sábẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀, ó sì ní kó gbé ojú sínú abọ́ funfun ńlá kan tó dojú kọ wá bí ìlàjì igbá. Inú abọ́ yẹn ni ìmọ́lẹ̀ á ti máa kọ. Kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọ́dọ̀ mira. Mo túmọ̀ rẹ̀. Màmá ní òun ti gbọ́.

Ìmọ́lẹ̀ kọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," Màmá wí.

Sunítà ò fèsì. Ìmọ́lẹ̀ tún kọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!" Ó sókè díẹ̀ sí i.

Sunítà fọwọ́ tẹ èjìká rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò sọ nǹkankan. Màmá rò ó títí, ó ní bóyá èdè ni kò yé e, ó bá yí ìkíni náà sí Hausa. Ìmọ́lẹ̀ kẹta kọ.

"Sannu da aiki!"

Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Mo bẹ̀ ẹ́, ó dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo ń rí i nínú iná pupa yẹn tí ètè rẹ̀ ń mì, tó ń kí i sínú. Ó máa ń tẹ orí ba díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, bó ṣe yẹ.

Òkè ńlá lórí ìwé

Dókítà àgbà tó ń ṣe olórí níbẹ̀ ní irunmú funfun, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó tẹ́ ìwé tí ẹ̀rọ kọ síwájú mi. Òkè àti àfonífojì ni látòkè délẹ̀, bí ọmọ jẹ́léósinmi tó gba bírò. Ó ní ohùn ojú kéré gan-an, ti iṣan àgbọ̀n sì pọ̀. Bí ẹnu bá ti mì, ẹ̀rọ ò lè mọ èyí tó jẹ́ ti ojú mọ́.

"Ọ̀la ni a ó tún un ṣe," ó ní. "Tó bá tún rí báyìí, ohun tí mo máa kọ ni pé mi ò mọ̀. Tí mi ò bá sì mọ̀, mi ò ní gé ojú kan ṣoṣo tó kù fún ìyá àgbà."

Ìyẹn ni pé funfun yẹn á wà níbẹ̀ títí ayé. Dókítà ò ní gé e, Màmá náà ò ní gbà kí wọ́n gé e, àwọn méjèèjì sì tọ̀nà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àlejò. Inú ń bí mi, mi ò purọ́.

"Màmá, wọ́n ní kí ẹ má sọ̀rọ̀."

"Ṣé mo sọ̀rọ̀ ni? Mo kí i ni."

"Ẹ kí i ní ìgbà mẹ́tàdínlógún! Mo kà á."

"Ó dáhùn?"

"Ta ni, mà?"

"Àjàní, mo bi ọ́. Ọmọ náà, ó dáhùn?"

"Kò dáhùn, mà."

"Ṣé mo wá ti kí i nìyẹn?"

Ẹ wo bí ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe wó lu orí mi lórí àga yẹn. Èèpo àlùbọ́sà, bàtà tó já, bàbá tó ní "Yauwa". Màmá ò yájú sí àṣẹ wọn rárá. Ọmọ ń ṣiṣẹ́ lójú rẹ̀, ó kí i, ọmọ ò dáhùn. Kò sí bí Ìyá Alálùbọ́sà ṣe lè fi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láàbọ̀. Sunítà ń dákẹ́ kí Màmá lè dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ gan-an ló ń mú un sọ̀rọ̀.

Ìdáhùn

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá Sunítà kó tó wọṣẹ́. Mo ní àdúrà kan wà tí mo fẹ́ kó kọ́ fún wa. Ó ní òun ti ní àdúrà tòun. Mo ní èyí kúrú, ìdáhùn ìkíni ni. A dúró ní kọ̀rọ̀, èmi olùkọ́ físíìsì ń kọ́ ọ ní "Òó o, ẹ ṣeun, Màmá," ó ń tẹ̀ lé mi, "Ò ò, ẹ ṣeun, Ámmà." Mo gba Ámmà náà bẹ́ẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ń kọjá, wọ́n ń mi orí sí wa.

Ó ku Màmá. "Màmá, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni lónìí o. Ìmọ́lẹ̀ á kọ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ni. Tí ẹ bá bá ẹni tó ń gúnyán, ṣé gbogbo ìgbà tí ọmọ odó bá balẹ̀ lẹ máa ń kí i?"

Ó ronú sí i. "Rárá. Ẹ̀ẹ̀kan ni."

"Ẹ̀ẹ̀kan náà ni."

Wọ́n tún ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Òkùnkùn náà mọ̀ wá báyìí. Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Lọ́jọ́ tí mo ní kó o padà lọ kí bàbá yẹn, ṣé o mọ̀ pé bí o ṣe kẹ́yìn sí mi ni àyà mi já? Ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀ lọ́nà yẹn. Ọmọ ọdún méje. Mo fẹ́ pè ọ́ padà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu àgbà."

"Ẹ ò sọ fún mi rí, mà."

"Ìmọ́lẹ̀ wà nígbà náà." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo wá fi ojú sin ọ́ lọ. Ṣẹ́ẹ̀tì pupa kan ló wà lọ́rùn rẹ, ó ti ṣá. Mò ń wo orí rẹ láàárín èrò bó ṣe ń kéré, mi ò ṣẹ́jú, títí tó fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi bọ̀. Àtìgbà tí ojú mi ti ṣú, àwòrán yẹn ni mo máa ń mú jáde wò jù. Mo ti wò ó gbó, Àjàní. Ó ti ń ṣá bíi ṣẹ́ẹ̀tì náà. Kí n rí òmíràn ni mo ń bẹ Ọlọ́run fún."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òkùnkùn.

Nígbà tí iná pupa tàn, tí wáyà wà nípò, Màmá gbé ojú sínú abọ́. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi."

Nínú òkùnkùn náà, ohùn rírọ̀ kan dáhùn: "Ò ò, ẹ ṣeun, Ámmà."

Mo rí i tí èjìká Màmá sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó bí òkúta. Mi ò rò pé ó mí.

Ojú ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí wọ́n lè fi wéra. Ìmọ́lẹ̀ kọ. Ìlà tó wà lórí kọ̀ǹpútà tẹ́ pẹrẹsẹ bí okùn ìsáṣọ. Ó tún kọ, ó tún kọ. Kò sẹ́nìkankan nínú ilé. Sunítà wá gbé òwú fàdákà náà lọ sí ojú òsì, èmi sì fi eyín di ètè mi mú.

Ìmọ́lẹ̀ kọ. Ìlà náà rì sísàlẹ̀ díẹ̀, ó gòkè fíofío, ó sì padà sí àyè rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tún kọ. Ó rì, ó gòkè, ó padà. Nígbà kẹta, mo mọ ibi tí mo ti rí i rí. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Gbogbo òwúrọ̀ ni ẹ ń rí i nílé yín.

Nígbà tí wọ́n tan iná, Màmá kọ ojú sí mi. "Kí ló wí?"

"Èyí tó wà lápá òsì kúnlẹ̀, Màmá, ó wá dìde."

"Ó kúnlẹ̀?"

"Bí ọmọbìnrin tó ń kí àgbà. Ìmọ́lẹ̀ á bà á, á rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, á sì dìde."

"Ẹ̀ẹ̀kan ni, àbí gbogbo ìgbà?"

"Gbogbo ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kí i."

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Alihamudulilahi. Onílé wà nílé, ó sì ní ẹ̀kọ́." Ó yíjú síbi tí ohùn Sunítà ti wá. "Sọ fún wọn pé kí wọ́n mú ọ̀bẹ wọn wá."

Mo sọ fún un. Sunítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ẹsẹ̀ Màmá méjèèjì, bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Màmá fò sókè díẹ̀.

"Kí ló jábọ́?"

"Kò sí ohun tó jábọ́, mà. Ó ń kí yín ni."

"Áà." Ó wá ọwọ́ kiri títí ó fi kan orí ọmọ náà. "Òó o," ó ní. "Òó o."

Takie

Iṣẹ́ abẹ náà ò pẹ́ tó oúnjẹ àárọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi bo ojú náà, Màmá wo ògiri, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ níwá, lẹ́yìn, ó wá wò mí. Ó wò mí pẹ́.

"Àjàní? Ta ló kó irun orí rẹ?"

Gbogbo ẹkún tí mo ti tọ́jú sílẹ̀ di ẹ̀rín.

A padà délé. Láti ìgbà náà, ó ń dá lọ sí Sábó, ó ń dá bọ̀, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni di òun lápá mú mọ́. Ó dùn mọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ tó kù: nígbà mìíràn, tí mo bá jókòó nínú yàrá mi ní Ọ̀yọ́ tí iná sì lọ, mi kì í tètè wá tọ́ọ̀ṣì. Mo máa ń jókòó. Mo máa ń na ọwọ́ síwájú díẹ̀, bóyá ẹnìkan á fi ike omi lé e.

Lóṣù tó kọjá, mo bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Takie, mo ń lọ kí Màmá. Mo rí i tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní òdìkejì títì, ìborùn funfun lórí. Mo sáré sọdá, mo dọ̀bálẹ̀. Kò ní kí n dìde. Ẹ̀yìn mi ló ń wò.

"Àjàní, ọkùnrin tó ń yọ ẹrẹ̀ gọ́tà lọ́hùn-ún, lábẹ́ igi yẹn, tó wọ fìlà àwọ̀ ewé. Kí lo sọ fún un nígbà tó o kọjá?"

Mo wo ẹ̀yìn. Ó jìnnà. Èmi tí mo ń lo awò ojú ò dá fìlà náà mọ̀.

"Màmá, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé ni mí."

"Ṣé ó ń sùn ni?"

"Rárá, mà. Ó ń ṣiṣẹ́."

Ó fi àgbọ̀n júwe ọkùnrin náà.

Mo padà. Oòrùn ń mú. Nígbà tí mo rìn dé ìdajì ọ̀nà, mo bojú wẹ̀yìn. Ó dúró sójú kan náà láàárín èrò, kò ṣẹ́jú, ó ń wò mí bí mo ṣe ń kéré lọ. Mo wá rọra rìn. Mo jẹ́ kó pẹ́.

Ọkùnrin náà gbé ojú sókè nínú gọ́tà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un lẹ́bàá títì, pẹ̀lú ṣòkòtò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

"Òó o," ó ní.